Ṣé Amparo Ni, àbí Ìwé Amparo?

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn o, ta ló ń kan ilẹ̀kùn?
Bó bá ṣe ìfẹ́ ló gbé ọ wá, wọlé wá jókòó,
Bó bá ṣe ojúkòkòrò ló gbé ọ wá, ìta ni kó o dúró sí!

Orin yìí ni Àǹtí Obdulia máa ń kọ láràárọ̀ bó bá ń lọ àgbàdo ní Tacámbaro, ìlú wa ní Mẹ́síkò, ohùn rẹ̀ a sì máa dún dé ojú pópó. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ní orin lásán ni. Orin lásán kọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkìlọ̀ ni! Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò ló mọ ẹni tí orin náà ń bá wí.

Amparo, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń ṣọ́. Chicago ni wọ́n bí Amparo sí, níbi tí ìyá rẹ̀ àti Àǹtí Obdulia ti jọ ń fọ abọ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìyá kú nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Àǹtí tó ti lo ogún ọdún nínú òtútù ìlú yẹn bá pa iṣẹ́ tì, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di ilé. Amparo ò mọ ju orúkọ Chicago lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ti fún un ní ìwé: ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ọkùnrin tó bá sì fi ọmọ Amẹ́ríkà ṣaya, ọ̀nà àríwá là fún un nìyẹn, kò ní í fi ẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi. Ọmọbìnrin tó rẹwà, tó mọ oúnjẹ sè, tí ìwé bẹ́ẹ̀ tún wà nínú àpótí rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èwo gan-an ni ọkùnrin ń wò?

Ọ̀kan ti wá rí, Abundio tó ń ta píà. Ó mú òdòdó wá lẹ́ẹ̀kíní, ó mú oyin wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó padà wá, ó fi ẹ̀rín béèrè pé, "Ìwé rẹ yẹn, ṣé kì í kú? Níbo lẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí?" Ìgbálẹ̀ ni Àǹtí fi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni ara Amparo ti ń fu sí ẹ̀rín ọkùnrin gbogbo. Bí wọ́n bá ní ojú rẹ̀ dára, á máa rò ó pé ṣé ojú yìí ni, àbí fọ́tò ojú yìí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Ọmọ Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin tí kò ní ìjánu ni." Nírọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà Ludivina a máa kọ́ tọmọdé tàgbà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ohùn rẹ̀ ló tóbi.

"Ẹ tẹ́tí síbí," ó wí lọ́jọ́ kan. "Nínú èdè Sípáníìṣì tiwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń fẹ́ nǹkan. A fẹ́ omi. A fẹ́ ìyá wa. A fẹ́ olólùfẹ́ wa. Òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ omi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ èèyàn."

Ẹnì kan nawọ́ lẹ́yìn. Ìka rẹ̀ kan pupa, òmíràn dúdú bí aró, lẹ́ẹ̀ sì gbẹ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Fidencio ni. Piñata ló ń ṣe, ìkòkò tí wọ́n ń fi bébà aláwọ̀ wé, tí wọ́n ń kó súwíìtì sí nínú, tí àwọn ọmọdé ń fi igi fọ́ lọ́jọ́ ọdún.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá fẹ́ corunda, ṣé ọ̀rọ̀ ti omi ni mo máa lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mo bá wá fẹ́ ẹni tó se corunda náà ńkọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì na tábìlì. "Yí ọ̀rọ̀ padà kíákíá o, Fidencio! Bó o bá lo ti oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á rò pé jíjẹ lo fẹ́ jẹ ẹ́."

Nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, Amparo nìkan ló ń ta corunda, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ń fi ewé àgbàdo wé sè. Ó dorí kodò. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣe-piñata ni èyí o. Kí ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Ṣé bébà ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?

Nígbà tí wọ́n jáde, Fidencio ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amparo, Amparo sì bi í léèrè ojúkojú. "Kí ló gbé ọ dé kíláàsì?"

Fidencio wo ilẹ̀. "Ó dáa kéèyàn mọ nǹkan."

Ìdáhùn náà kúrú jù. Ó wọ etí Amparo bí òkúta ṣe ń wọ bàtà, ó sì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọkùnrin náà ṣeé fẹ́ràn! Láràárọ̀ ló ń wá ra corunda, bó bá sì jẹ ẹ́ tán, á la ewé rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, á ká a di ẹyẹ, á gbé ẹyẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ògì gbígbóná. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń yí gbàgede po, á fi ọgbọ́n dín ẹsẹ̀ kù títí Amparo á fi bá a. Òjò ọdún náà dá, òtútù dé, ó lọ. Kò béèrè ìwé rí. Kò dárúkọ Chicago rí. Ẹlòmíràn á ní ìyẹn dáa. Lójú Amparo, ìyẹn gan-an ló burú: gbogbo ìlú ló mọ̀ nípa ìwé náà, kí ló dé tí ẹni yìí ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?

"Ẹja tó gbọ́n kì í yọ orí," Àǹtí a wí, á sì tún gbé orin rẹ̀: ta ló ń kan ilẹ̀kùn o?

Síbẹ̀, nígbà tí Fidencio béèrè bóyá òun lè rán bàbá ìsàmì òun wá tọrọ rẹ̀, Amparo ò sọ pé rárá. Ó ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Ẹni tó bá mọ ohùn obìnrin á mọ̀ pé ó ti rò ó tán.

Àfi bí Àǹtí Obdulia ṣe já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìborùn ti yẹ̀ lórí.

"Amparo! Ti ilẹ̀kùn!"

"Àǹtí, kí ló dé? Ṣé ajá lé yín ni?"

"Ajá ì bá sàn. Ajá á gbó kó tó buni jẹ." Ó já ara rẹ̀ sórí àga. "Aládùúgbò wa ní kí n bá òun bẹ Fidencio níṣẹ́ piñata fún ọmọ òun. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ ohùn. Mo dúró. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gé bébà, ó sì ń ka nǹkan lórí bí ọmọ tó ń há kátíkísìmù. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà o! Ó ní, 'Díbọ́n pé o fẹ́ gbé Amparo níyàwó. Díbọ́n pé o fẹ́ bímọ. Díbọ́n pé o fẹ́ ṣiṣẹ́ kára.' Ó tún un kà, ó tún un kà. Ṣé o mọ ohun tó fi kádìí rẹ̀? Chicago!"

Ọwọ́ Amparo wà nínú àgbàdo lílọ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Àǹtí?"

"Èmi! 'Pretend' ló wí. Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí olówó òtẹ́ẹ̀lì bá ń bọ̀, ọ̀gá wa á sáré wọ kíṣìnì, á ní 'Pretend!', àwa á sì máa nu abọ́ tó ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ díbọ́n ni. Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ẹnì kan ló jókòó ti ọmọkùnrin yẹn, ó ń pàṣẹ fún un: ṣe báyìí, ṣe báyìí, ẹsẹ̀ rẹ á dé Chicago. Ó sì ń há a sórí!"

Amparo fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ìdáhùn kúkúrú náà, ojú tó ń wo ilẹ̀. Ẹyẹ ewé àgbàdo tó kẹ́yìn ṣì wà lórí fèrèsé. Ó wò ó báyìí, ìyẹ́ ẹyẹ náà ti di ọwọ́ tó ń na nǹkan sínú àpótí rẹ̀.

Kò lọ kíláàsì mọ́. Nígbà tí Fidencio wá sí ojú fèrèsé, ó sọ̀rọ̀ gba inú pákó.

"Amparo, kí ni mo ṣe?"

"Lọ bi ẹni tó ń rán ọ níṣẹ́."

"Ta ló ń rán mi? Bàbá ìsàmì mi? Mi ò tíì rán an, ìwọ lo ní kí n dúró."

"O mọ ẹni tí mò ń sọ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, dárúkọ ẹ̀, kí n lọ bá a jà."

Amparo fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló mú kó bínú sí i. "Máa lọ," ó wí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí Àǹtí béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sì sí àlùbọ́sà kankan nínú ilé.

Fidencio ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó lọ bá Tíṣà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dá sí i. Tíṣà Ludivina gba ilé wọn lọ́jọ́ kejì, ó sì ní kí Àǹtí sọ ohun tó gbọ́ fún òun bó ṣe gbọ́ ọ gan-an. Àǹtí sọ ọ́, ó fi ọwọ́ sọ ọ́, ó fi ojú sọ ọ́. Kó tó parí, Tíṣà ti di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni! Mo ní kí kálukú lọ kọ ohun tó ní lọ́kàn fún ọdún tó ń bọ̀, kó há a sórí, kó wá sọ ọ́. Nínú èdè wa, kéèyàn ní nǹkan lọ́kàn, kí là ń pè é? Pretender. Ọkùnrin tó ń tọrọ ọmọbìnrin ńkọ́? Pretendiente. Fidencio mú ọ̀rọ̀ tiwa, ó gé ìrù rẹ̀, ó ní ó ti di Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ti di díbọ́n."

"Ìyẹn ò sọ ìdí tó fi ń pàṣẹ," Àǹtí dáhùn. "'Díbọ́n', ló ní. Kò sọ pé 'mo'."

"Kò sọ ọ́, torí pé àwa kì í sọ ọ́. Nínú èdè wa, inú ọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń ṣe nǹkan ń sùn sí. Òyìnbó ní àfi kí onítọ̀hún jáde wá dúró síwájú. Bí kò bá dúró síbẹ̀, àṣẹ ni wọ́n ń gbọ́. Gbogbo kíláàsì ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Mo ti pariwo títí ohùn mi fẹ́ há."

Amparo ti rọra jókòó. Oòrùn yọ nínú rẹ̀. Ó ní i lọ́kàn láti gbé mi níyàwó! Ó ní i lọ́kàn láti bímọ! Ó fẹ́ dìde kó sáré jáde.

Àǹtí Obdulia ò mira. Ó ń ká etí ìborùn rẹ̀. "Ó dáa. Mo gbọ́. Mo ti gbọ́ pé 'pretend' ní ìtumọ̀ méjì." Ó gbójú sókè. "Chicago ńkọ́? Ṣé Chicago náà ní ìtumọ̀ méjì ni?"

"Ìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ bi," Tíṣà wí.

Ara Amparo ò gbà á mọ́. Ó da ìborùn borí, ó gba ilé-iṣẹ́ Fidencio lọ ní ojúmọmọ, níwájú gbogbo àwọn tó ń wò.

Fidencio wà láàárín àwọn ìràwọ̀ bébà àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bébà tí wọ́n so rọ̀. Nígbà tó rí i, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe ní Chicago?" Kò kí i.

"Chicago? Tíṣà ní ká mú ìlú kan sínú rẹ̀..."

"Fidencio."

Ó wo ilẹ̀, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá mi wà níbẹ̀. Mo ṣì ń rá kòrò nígbà tó lọ. Ó máa ń pè wá sórí fóònù ọjà, ìyá mi á gbé mi lọ, á fi fóònù sí mi létí. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. A ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Kí ni mo máa sọ? Pé mo fẹ́ ọ, àti pé mo tún fẹ́ dé ìlú tí ìwé rẹ lè gbé mi dé? Bí ó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá gbà mí gbọ́?"

"Òótọ́ ni pé o fẹ́ lọ, nígbà náà."

"Òótọ́ ni."

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe fẹ́ mi?"

"Rárá."

Rárá kan péré. Amparo yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì, bí ẹni ń wo ẹyin sí oòrùn. Kò rí inú rẹ̀. Ó ń lọ sílé, ó ń ronú pé òótọ́ mìíràn jọ irọ́ ju irọ́ gan-an lọ. Àánú ọkùnrin náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ lè fi obìnrin ṣe afárá, ṣé kò lè ṣe é? Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run gan-an lè fojú fò ni ìyẹn.

Ó rò ó fún Àǹtí láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó rò pé Àǹtí á mú ìgbálẹ̀. Àǹtí kàn mi orí. "Sọ fún un kó rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ ọ."

"Ẹ gbà?"

"Mo ní kí wọ́n wá."

Ó yá jù. Ara Amparo wá bẹ̀rẹ̀ sí fu sí Àǹtí náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n dé. Bàbá Hilarión, bàbá ìsàmì Fidencio, ló ṣáájú pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Domitila, ìyá Fidencio, ló gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì àti ṣokoléètì. Fidencio kẹ́yìn, ó ti fọ ọwọ́ títí awọ fẹ́ bó, síbẹ̀ àwọ̀ bébà ò tán léèékánná rẹ̀. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án, torí àṣà wa ni: bí ará ilé bá ti lè bu nínú búrẹ́dì ìtọrọ, ọmọ ti di tiwọn nìyẹn. Amparo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí ọmọ tí wọ́n ń tọrọ máa ń wà.

Bàbá Hilarión kí gbogbo ilé, ó kí òkú ilé, ó sọ pé òdòdó kan làwọn rí nínú ọgbà. Àǹtí nawọ́ dá a dúró.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀dọ̀ Fidencio ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọmọ mi, ọ̀gá mi àtijọ́ ní Chicago ń wá òṣìṣẹ́. Ó ní kí n mú ẹnì kan wá, òun á bá a ṣe ìwé. Oṣù tó ń bọ̀ ni. Kò ní í ná ọ ní nǹkan kan, bàbá rẹ á sì wà nítòsí. Bó o bá gbà á, wàá gbàgbé Amparo. Bó o bá gba Amparo, wàá gbàgbé Chicago. Èwo lo mú?"

Lẹ́yìn aṣọ, Amparo ò gbọ́ nípa ọ̀gá kankan rí. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn Fidencio, ó rí òógùn tó ń ṣàn wọ inú kọ́là rẹ̀. Fidencio ò dáhùn. Ó ń rò ó! Ọlọ́run mi, ó ń rò ó!

"Mà," ó wí níkẹyìn, "ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni ààyè náà wà fún?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ìdẹ rẹ̀ mú ẹran. "Ẹnì kan ṣoṣo."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi fi fún ìyá mi. Òun ló ni ọkọ tó sọnù. Ó ń dùn mí pé mi ò mọ bàbá mi, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, ohun tó kọ́kọ́ máa béèrè ni pé báwo ni mo ṣe dé ibẹ̀. Kí n sọ pé mo fi ẹni tí mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀? Mi ò kúrò níbi tí Amparo bá wà."

"Ta ni?" Domitila fò dìde. "Èmi? Kí n lọ wá ọkùnrin nínú yìnyín? Fidencio, ṣé orí rẹ pé? Ẹni tó mọ ọ̀nà lọ mọ ọ̀nà bọ̀! Mo ti sunkún rẹ̀ tán, mo ti fi omijé rẹ̀ fọ aṣọ, aṣọ ọ̀hún ti gbẹ. Èmi ò lọ síbì kankan!"

"Arábìnrin Obdulia," Bàbá Hilarión fi pẹ̀lẹ́ béèrè, "ta wá ni ká di ẹrù fún?"

Àǹtí wo òrùlé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò sí ààyè kankan," ó kùn. "Ọ̀gá náà ti kú tipẹ́. Mo díbọ́n ni."

"Ẹ gbọ́ o!" Domitila pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó ń pe ọmọ wa ní adíbọ́n! Òun gan-an ni ọba wọn!"

Bàbá Hilarión rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Àǹtí na ìka. "Ẹ fẹ̀sọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ilé mi. Ìfura loògùn àgbà. Mi ò tíì dáhùn o! Ẹ ṣì máa padà wá. Mo fẹ́ béèrè nípa àwọn ará ilé ìyá rẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń mu ọtí, mo fẹ́..."

Aṣọ ìkélé ṣí. Amparo jáde, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò tilẹ̀ wo Fidencio. Ó bọ́ sídìí apẹ̀rẹ̀, ó mú búrẹ́dì tó tóbi jù, ó bù ú sí méjì, ó ki ọ̀kan sẹ́nu.

"Amparo! Ṣé mo ti dáhùn ni?"

Kò lè fèsì. Ẹnu rẹ̀ kún. Ó ń jẹ, omi ń dà lójú rẹ̀, ṣúgà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì na ìlàjì tó kù sí Àǹtí.

Àǹtí Obdulia gbà á. Ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Fidencio, ó tún wo búrẹ́dì. Nígbà náà ló wá gé e jẹ, ó rún un pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ṣúgà rẹ̀ ò tó," ó wí, ó sì tún gé e jẹ.